Pálọ̀ Òfìfo, Owó Díẹ̀: Ẹrù Wo Ni Kí A Rà Ní Àlòkù, Èwo Ni Kí A Yẹra Fún?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Oṣù tó kọjá ni èmi àti ọkọ mi kó wọ yàrá kan àti pálọ̀ ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú mi. Lẹ́yìn tí a san owó ilé tán, ₦300,000 ló kù lọ́wọ́ wa fún ẹrù, ilé sì ṣófo: fóòmù kan tí a tẹ́ sílẹ̀ àti àga oníke méjì péré ni a ní. Èmi fẹ́ kí a ra ẹrù àlòkù, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ojú á ti òun tí àwọn ẹbí bá dé. Ìyá ọkọ mi ní ìdun ló ń bá àlòkù wọlé, pé àwọn mìíràn tiẹ̀ jẹ́ ẹrù òkú. Wọ́n ní kí a lọ gba ẹrù tuntun ní àwìn, kí a máa san án díẹ̀díẹ̀. Kí ni kí a ṣe?" (Ìyàwó tuntun, Mọ́níyà)

Ìyàwó wa, ẹ kú oríire ilé tuntun. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Ẹ má gba ẹrù ní àwìn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kí ìyá ọkọ yín dá a lábàá, àmọ́ ẹ wo irú àga tí wọ́n sábà máa ń gbé fún ẹni tó bá ní òun yóò máa san díẹ̀díẹ̀. Lẹ́dà rẹ̀ ń dán, ìrọ̀rí rẹ̀ wú dáadáa. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ ya aṣọ dúdú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: àjákù pákó arère tí kò tíì gbẹ ni ẹ ó rí níbẹ̀, ìṣó nìkan ni wọ́n sì fi so wọ́n pọ̀, kò sí gọ́ọ̀mù. Pákó tútù máa ń sún kì bó bá ń gbẹ. Bó bá ti sún kì, ìṣó á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, àga á máa dún ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá jókòó, lẹ́dà náà á sì máa bó. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ṣì máa san gbèsè lọ nígbà tí àga ti di igi ìdáná.

Nínú àlòkù ni owó yín á ti tó. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, òun ni mo sì ń tẹ̀ lé látìgbà tí mo ti ń tún àga ṣe: egungun ni kí ẹ rà, ẹ má wo aṣọ. Pákó líle àti irin á lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á tún lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ yín. Fóòmù, aṣọ, wáyà àti rọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń fa òógùn ara, tàbí tó ń gbé iná tàbí gáàsì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tuntun bí agbára bá gbé e. Èyí tó bá jẹ́ igi tàbí irin lásán, ẹ wá a ní àlòkù láìbẹ̀rù.

Ní ti ojú tó ń ti ọkọ yín, ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Kò sí baálé ilé tí kì í fẹ́ kí ilé òun wu àlejò. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn lẹ ń gbé o. Ìlú tí Yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, tí ilé ìwòsàn UCH ṣílẹ̀kùn ní 1957, tó tún jẹ́ olú-ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, kò lè ṣàìní àwọn ilé tí káfíńtà gidi ti kan ẹrù sí. Ìrókò, ògànwó àti mànsóníà ni mo sábà máa ń bá nínú àwọn ilé àtijọ́ Bódìjà, Òkè-Àdó àti Mọ́lété, àwọn ọmọ ló sì ń tà wọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó tuntun wọlé. Ìgbà mìíràn, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà nítorí aṣọ orí rẹ̀ ti fà ya, wọn ò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé irú àga bẹ́ẹ̀ wálé, ẹ ha á, ẹ kùn ún ní fánísì, ẹ ran aṣọ tuntun sí i. Àlejò tó bá jókòó lé e kò ní béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, káfíńtà tó ṣe é ni yóò béèrè.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lọ kò gba owó: ilé ẹbí, ti ọkọ àti ti ìyàwó. Ẹ wo yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ẹ wo abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé. Àpótí ìjókòó, tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, àpótí aṣọ onírin, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ Singer tí orí rẹ̀ ti bàjẹ́, odó tó ti sán: gbogbo wọn ni wọ́n máa ń wà níbẹ̀ tí eruku bò wọ́n. Ẹ tọrọ lọ́wọ́ àgbà ilé kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí ohun tí ẹ pè ní àpótí lásán lè jẹ́ ìrántí ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ ohun orò ilé. Ẹ mú ìyá ọkọ yín dání lọ síbẹ̀. Ẹrù tí àwọn fúnra wọn bá yọ̀ǹda, tí wọ́n sì mọ ẹni tó jókòó lé e rí, kò ní bà wọ́n lẹ́rù.

Lẹ́yìn ẹbí, ó kan àwọn tó ń jápa. Ẹni tó ti gba físà kì í ní àkókò láti yọwó pẹ́. Ìgbà tí ẹrù wọn máa ń pọ̀ jù lọ́jà ni oṣù kan tàbí méjì ṣáájú September àti ṣáájú January, torí ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Gẹ̀ẹ́sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ẹ sọ ọ́ nínú WhatsApp àdúgbò, kí ẹ sì máa wo Jiji àti Facebook Marketplace. Níbi ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó fojú rí ẹrù, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ, kó sì jẹ́ ojúmọmọ.

Ní ìsọ̀ pákó Bódìjà àti lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà àdúgbò, ẹ béèrè àga tí oníbàárà kò padà wá gbé. Káfíńtà kì í sábà rántí pàtẹ rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá bi í. Àwọn tó ń wólé náà máa ń ta ilẹ̀kùn, férémù wíńdò àti igi àjà, ìrókò tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló sì máa ń pọ̀ nínú wọn. Igi tó ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà lọ́ mọ́ tí ẹ bá fi kan tábìlì. Ṣùgbọ́n páálí àjà ilé àtijọ́, èyí tó le, tó ní àwọ̀ eérú, ẹ má gbé e. Áásíbẹ́ẹ́sì ló pọ̀ nínú wọn. Tí wọ́n bá gé e tàbí tí ó fọ́, eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde. Ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára ilẹ̀kùn náà lè ní òjé nínú. Ẹ má ha á ní gbígbẹ. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó ha á, níta, kí ẹ̀yin aboyún jìnnà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí sí i. Ilé Ìlọ́jọ́ ní Tinúbú l'Ékòó, tí àwọn Àgùdà, àwọn tó padà dé láti Brazil, kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o ní September 2016. Nígbà tí wọ́n bá wó irú ilé bẹ́ẹ̀, ọjà ni ilẹ̀kùn àti igi rẹ̀ máa ń bá lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ilẹ̀kùn oníṣẹ́ ọnà wá bá yín, ẹ béèrè ilé tó ti wá. Owó wa kò gbọ̀dọ̀ jẹ́ ohun tí yóò mú kí wọ́n wó òmíràn.

Ìbéèrè yẹn náà ló tó fún gbogbo ẹrù. Òfin lè mú ẹni tó bá ra ẹrù olè pẹ̀lú olè náà. Ẹ gba rìsíìtì, kódà bó jẹ́ ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ sí, kí ẹ sì fi báńkì san owó náà. Ẹni tó bá ń sá fún èyí, ẹ jẹ́ kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Níbí yìí ni mo ti gbà pẹ̀lú ìyá ọkọ yín pátápátá: ohun tí a kò mọ orísun rẹ̀ kò yẹ kó wọlé.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe yẹ ẹrù wò. Ẹ mú fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì dání, ìwé funfun kan, àti káàdì báńkì àtijọ́ kan.

Tó bá jẹ́ àga gígùn, ẹ di ẹsẹ̀ iwájú kan mú kí ẹ gbé e sókè díẹ̀, bíi 15 cm. Tí ẹsẹ̀ iwájú kejì bá bá a gòkè, egungun rẹ̀ ṣì le. Tí ìkejì bá dúró sílẹ̀ tí àga ń lọ́, àwọn oríkèé ti yẹ̀ tàbí pákó àárín ti ṣẹ́. Ẹ di apá rẹ̀ mú kí ẹ mì í. Ẹ yí i dojú dé. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ṣé pákó kékeré wà níbẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti sùkúrúù dè é, àbí ìṣó lásán? Tó bá jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ pátá, ẹ wo ibi tí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ti pàdé. Níbi tí káfíńtà bá ti gbẹ́ eyín sí pákó méjèèjì kí wọ́n lè gbá ara wọn mú, ọ̀gá oníṣẹ́ ló ṣe é, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ mọ igi. Ìrókò ní àwọ̀ góòlù tó máa ń dúdú bí ọdún ti ń lọ, ó wúwo, ikán kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Apá náà rí bẹ́ẹ̀. Ògànwó pọ́n. Mànsóníà dúdú díẹ̀, ó lẹ́wà gan-an, àmọ́ eruku rẹ̀ máa ń yọ imú àti ara lẹ́nu gidigidi, nítorí náà ẹ̀yin kọ́ ni yóò ha á. Arère funfun, ó fúyẹ́, tí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́ yóò gbà; ikán àti kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má ra arère rárá, àmọ́ kó jẹ́ ohun tí kò ní ru ẹrù wúwo, kí owó rẹ̀ sì kéré. Ní ti pákó alápòpọ̀, èyí tí wọ́n fi eruku igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ bíi MDF àti chipboard, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti wú nísàlẹ̀, omi ti kàn án, kò sì sí káfíńtà tó lè dá a padà.

Ẹ fi oríkèé ìka kan pákó náà láti òkè dé ilẹ̀. Ibi tí ikán bá ti jẹ inú rẹ̀ tán á dún bí ohun tó ṣófo. Tí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹ tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ fọwọ́ gbá igi náà. Tí ìyẹ̀fun funfun tuntun bá dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì ń jẹun nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Tí nǹkan kan kò bá dà, ó lè jẹ́ ihò àtijọ́. Kí káfíńtà fi Solignum, òògùn tó ń pa kòkòrò inú igi, kùn ún níta, kó gbẹ dáadáa títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, kó tó wọlé.

Ìdun wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín kì í ṣe àsọdùn. Ìdun lè lo ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá sọ pé àga ti wà ní ìpamọ́ láti ọdún tó kọjá, ìyẹn kò ní kí ó mọ́. Ẹ fi káàdì báńkì yẹn gba ojú rírán àga kọjá, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò sùkúrúù, ẹ̀yìn orí bẹ́ẹ̀dì àti ibi tí pákó méjì ti pàdé. Àmì dúdú tó-tò-tó bí ẹni pé bírò ta síbẹ̀, èèpo ara kòkòrò tó ti gbẹ, ẹyin funfun kéékèèké: ọ̀kan péré nínú wọn ti tó láti mú kí ẹ kọ̀ ọ́. Fóòmù àlòkù àti àga tí ẹ kò lè ṣí aṣọ rẹ̀, ẹ má rà á rárá, bó ti wù kó mọ́ tó lójú.

Kódà èyí tó bá mọ́, ẹ má gbé e wọ pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ dúró síta. Kí wọ́n já aṣọ àti fóòmù rẹ̀ sọnù, kí wọ́n dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú kí ẹlòmíràn má baà kó wàhálà. Kí ọkọ yín da omi tó ń hó sí gbogbo oríkèé àti ihò rẹ̀. Fánísì àtijọ́ lè funfun níbi tí omi bá kàn, kò burú, ẹ ṣáà máa ha á. Aṣọ tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú, ẹ fi omi gbígbóná tó tó 60°C fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù tó gbóná. Ooru ni ìdun kò lè borí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín láti fín òògùn DDVP, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Sniper, sára àga tàbí bẹ́ẹ̀dì. Májèlé ni. NAFDAC ti dá títa ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà dúró láti 2019, aboyún àti ọmọ tuntun kò sì gbọdọ̀ gbé níbi tí wọ́n ti fín in.

Àtúnṣe ló kàn. Ká ní ẹ ti rí àga ìrókò kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Káfíńtà tí kò ní sùúrù á gbá ìṣó mọ́ ọn, ìṣó náà ni yóò sì la igi náà tó bá yá. Ẹ má gbà fún un. Kí ó rọra fi òòlù onírọ́bà tú oríkèé náà, kí ó fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò títí igi á fi hàn, torí gọ́ọ̀mù tuntun kì í mú lórí gọ́ọ̀mù àtijọ́. Kí ó wá fi Topbond, gọ́ọ̀mù káfíńtà, sí ihò àti sí ahọ́n igi, kí ó tì wọ́n wọnú ara wọn. Lẹ́yìn náà, kí ó fi okùn yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, kí ó ki igi kékeré kan bọ àárín okùn, kí ó máa lọ́ ọ, bí okùn ti ń le ni ẹsẹ̀ àga á máa súnmọ́ra, títí gọ́ọ̀mù díẹ̀ á fi yọ lẹ́nu oríkèé. Kí ó fi àkísà tútù nù ún, kí ó fi àga sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Oríkèé tí wọ́n bá ṣe báyìí, ọmọ yín á dàgbà tó ẹni tó ń jókòó lé e.

Sáńpépà nọ́ńbà 80 ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 220, kí ó sì máa tẹ̀ lé ọ̀nà tí ojú igi gbà. Bí ó bá ha á ní ìbú, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ á hàn lábẹ́ fánísì. Fánísì tí wọ́n fín nígbà tí òjò ń ṣú máa ń funfun bí èéfín, torí ọ̀rinrin há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró de ọjọ́ tí oòrùn mú, kí ó fín in láàárín agogo mẹ́wàá sí mẹ́ta. Bí dúrọ́ọ̀ bá sì há nígbà òjò, ẹ má tètè fá a. Igi ń wú lọ́jọ́ òjò ni. Tí ọyẹ́ bá dé, á sún kì padà, èyí tí ẹ ti fá á wá máa mì.

Ní báyìí ẹ lè náwó lórí aṣọ. Fóòmù àga ni kí ẹ rà ní tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ti Vitafoam tàbí Mouka, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ti ìjókòó ni, kó má jẹ́ èyí tó rọ̀ bíi ti ìrọ̀rí. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí dé ilẹ̀ kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó dìde kíákíá. Kí aṣọ ìrọ̀rí ní síìpù, kí ẹ lè máa bọ́ ọ fọ̀, torí ọmọ tuntun ń bọ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìkókó ń ṣe sí àga. Aṣọ òkè àtijọ́ tí ó ti gbó létí dára gan-an fún ìrọ̀rí kéékèèké: ẹ gé ibi tó ṣì le, kí télọ̀ fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ lẹ́yìn kó má baà tú. Àdìrẹ aláró ńkọ́, ẹ má fi bo ibi ìjókòó. Aró rẹ̀ á máa kun aṣọ àlejò. Ẹ fi kọ́ ara ògiri tàbí kí ẹ fi ṣe kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà yàrá.

Àwọn ohun tí ẹ lè sọ di nǹkan mìíràn pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni mo fọwọ́ sí nínú ohun tí wọ́n ń gbé kiri lórí fóònù. Ẹsẹ̀ Singer tí mo mẹ́nu bà yẹn ni olórí wọn: ẹ gbé pákó ìrókò tàbí ilẹ̀kùn kékeré lé e, ẹ ti ní tábìlì tí kò ní yẹ̀ láéláé, kí wọ́n ṣáà fi sùkúrúù de ẹsẹ̀ ìtẹ̀ rẹ̀ kí ìka ọmọ má baà há síbẹ̀. Odó tó sán, ẹ yí i dojú dé, ó di ibi ìgbé ife kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Àpótí aṣọ onírin, ẹ tún un kùn, ẹ gbé fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí, ìjókòó ni, ibi ìkó aṣọ ìkókó sí náà ni. Gíláàsì wíńdò lúfà ṣeé fi ṣe pẹpẹ kékeré ní bááfù tí wọ́n bá ti lọ etí rẹ̀ kúnná.

Táyà ni mi ò fẹ́ràn nínú ilé. Tí ẹ bá fi sí ìta, omi òjò á dúró nínú rẹ̀, ẹ̀fọn á máa yé síbẹ̀, ibà ni yóò sì tì í gbẹ̀yìn. Dúrọ́ọ̀mù tí kẹ́míkà ti wà nínú rẹ̀ rí, ẹ má gbé e wọlé, wọn ì báà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Pálẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ fi ń gbé ọjà dára fún orí bẹ́ẹ̀dì tàbí pẹpẹ, àmọ́ ẹ wo òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀. HT ni ti èyí tí wọ́n fi ooru pa kòkòrò rẹ̀, ẹ lè gbé ìyẹn. MB ni ti èyí tí wọ́n fi gáàsì methyl bromide ṣe, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ kankan, tàbí tí epo àti kẹ́míkà ti dà sí, ẹ fi òun náà sílẹ̀.

Ẹrù iná, ẹ jẹ́ ká yára kọjá níbẹ̀. Iná tiwa jẹ́ 230V. Tòkunbọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá a mu; ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, ti Japan jẹ́ 100V, méjèèjì á jó tí ẹ bá kì wọ́n bọ ògiri. Ẹ ka àkọlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má gbára lé púlọ́ọ̀gì, torí oníṣòwò lè ti pààrọ̀ rẹ̀. Fíríìjì àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin de kíkó wọ Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó ń kó lọ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ bá a nínú iná, kó ti máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ tì í, ẹ fà á. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà rẹ̀ ti kú, yóò sì máa jẹ iná. Ní òró ni kí ẹ gbé e, kí ó sì sinmi fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tàn án. Sílíńdà gáàsì, hóòsì rẹ̀ àti wáyà ìfà iná, tuntun ni. Mi ò ní bá yín yọwó lórí ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ lé lórí jù lọ, torí gbogbo ènìyàn ló máa fẹ́ fún yín ní àlòkù rẹ̀. Àwọn kan wà tí ẹ̀gbẹ́ wọn máa ń sọ̀ kalẹ̀. Amẹ́ríkà ti fòfin de ṣíṣe wọn àti títà wọn láti June 2011 nítorí pé ẹ̀gbẹ́ náà máa ń yọ, ọmọ á sì há síbẹ̀. Irú wọn ṣì máa ń bá àwọn ẹrù tòkunbọ̀ wá. Ẹ má gbà á, kódà lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sọ̀, àlàfo igi kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju 6 cm lọ: tí agolo Coke bá lè gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ti fẹ̀ jù. Fóòmù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó le, kó sì kún inú bẹ́ẹ̀dì débi pé ìka méjì kò lè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìnáwó yín wá ńkọ́? Ẹ má na ju ₦200,000 lọ kí ọmọ tó dé, kí ìyókù wà nílẹ̀. Kí ẹ tó san owó àga kankan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ bá káfíńtà àti ẹni tó ń ran àga, ẹ gbọ́ iye tí àtúnṣe máa jẹ, kí ẹ fi òun àti owó gbígbé kún un. Àpapọ̀ yẹn gan-an ni owó àga. Bẹ́ẹ̀dì tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí fóòmù kúrò nílẹ̀, torí dídìde láti ilẹ̀ kò ní rọrùn fún yín mọ́ láìpẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àga méjì tàbí mẹ́ta tó dára, kò pọn dandan kí wọ́n jọra. Aṣọ kan náà tí ẹ bá ran sí gbogbo wọn ni yóò sọ wọ́n di ọ̀kan. Tábìlì lè tẹ̀ lé e. Wọ́dìróòbù lè dúró, ẹ fi àpótí onírin ṣe é ná.

Kí gbogbo híha àti fánísì parí kí oyún tó pé oṣù méje, lọ́dọ̀ káfíńtà ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ẹrù náà sì wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kó tó wọ yàrá. Tí ẹ bá rí àga kan tí ọkàn yín ń fà sí ṣùgbọ́n tí kò dá yín lójú, ẹ yí i dojú dé, ẹ ya fọ́tò ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti oríkèé rẹ̀ ní ojúmọmọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó.